Iṣẹ́ Abẹ Ti Kọjá, Ohùn Ṣì Ń Gba Imú: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Iṣẹ́ Abẹ Àtúnṣe fún Ẹni Tó Ń Ránmú

Ìbéèrè tí àwọn òbí máa ń bi wá jù nílé ìwòsàn la kó jọ síbí, pẹ̀lú ti àwọn àgbàlagbà tí ohùn wọn ń gba imú jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àjà ẹnu, àdénọ́ìdì (ẹran tó wà lókè ọ̀fun, lẹ́yìn imú) tàbí belubelu. Ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé "ó máa lọ fúnra rẹ̀", tó sì ti ń retí láti ọdún dé ọdún, òun gan-an la ní lọ́kàn.

Kí ló ń mú kí ohùn gba imú jáde?

Bí a bá ń sọ̀rọ̀, atẹ́gùn máa ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró gòkè wá sí ọ̀fun. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì, ọ̀kan lọ sí ẹnu, èkejì lọ sí imú. Ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu, tí àwọn onímọ̀ èdè ń pè ní àfàsé, ni ilẹ̀kùn oríta yẹn. Nígbà tí a bá fẹ́ pe b, t, d, k, g, gb, p, f, s, ṣ tàbí j, àfàsé á gbéra sókè, á fi ara ti ògiri ẹ̀yìn ọ̀fun, ògiri ẹ̀gbẹ́ méjèèjì náà á sún wọlé, ọ̀nà imú á sì tì. Bó bá kan m àti n, tàbí an, ẹn, in, ọn, un, àfàsé á rọ̀ sílẹ̀ kí ohùn lè gba imú.

Bí àfàsé bá kúrú, tí àpá bá mú un le, tí iṣan inú rẹ̀ kò bá so pọ̀ bó ṣe yẹ, tàbí tí ihò bá ṣẹ́kù sí àjà ẹnu, atẹ́gùn tó yẹ kó kún ẹnu á máa sá lọ sí imú. B á di m, d á di n. Ọmọ á máa pe bàbá rẹ̀, gbogbo ilé á máa gbọ́ "màmá". Á fẹ́ sọ pé omi ò tú, wọ́n á gbọ́ pé omi ò tún. Ọmọ náà mọ ohun tó fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kò ya òmùgọ̀, kò sì sí ẹni tó fi ohùn rẹ̀ ṣeré. Ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀ ni kò tì.

Iṣẹ́ abẹ wo ló lè fi irú èyí sílẹ̀?

Èyí tí a ń rí jù ni iṣẹ́ abẹ àjà ẹnu tó là. Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú àjà ẹnu lílà sábà máa ń ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ láàárín oṣù 6 sí 18, iṣẹ́ abẹ náà sì ń ṣe é láǹfààní gidigidi. Síbẹ̀, ohun tí àwọn ìwé ìṣègùn sábà máa ń sọ ni pé nínú ọmọ 100 tó ṣe é, bíi 20 sí 30 ló ṣì máa ń ránmú débi tí wọ́n á fi nílò ìtọ́jú míràn. Èyí kò túmọ̀ sí pé oníṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ kò mọṣẹ́. Orí àti ọ̀fun ọmọ ń dàgbà, àpá ń fà, àfàsé lè má gùn tó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Yíyọ àdénọ́ìdì tún wà ńbẹ̀. Òkè ọ̀fun, lẹ́yìn imú, ni àdénọ́ìdì wà, òun sì ni àfàsé ọ̀pọ̀ ọmọdé máa ń fara tì. Tí wọ́n bá yọ ọ́, àfàsé ní láti rìn jìnnà sí i kó tó kan ògiri. Àwọn ọmọ kan á ránmú fún ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara á sì kọ́ ọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni kì í kúrò lára wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé àjà ẹnu wọn ti là lábẹ́ awọ láti ìgbà tí a ti bí wọn, tí kò sẹ́ni tó kíyè sí i. Àmì rẹ̀ ni belubelu tó pín sí méjì, ìlà tó fẹ́lẹ́ láàárín àfàsé, àti egungun àjà ẹnu tó jẹ wọlé díẹ̀ lẹ́yìn, tí ìka lè mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí dókítà wá àmì mẹ́ta yìí kó tó fọwọ́ kan àdénọ́ìdì ọmọ kankan.

Belubelu gígé wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Ẹran kékeré tó rọ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀fun yẹn kọ́ ló ń ti ọ̀nà imú, nítorí náà gígé e nìkan kì í sábà ba ohùn jẹ́. Ìgbà tí abẹ bá wọ inú àfàsé, tàbí tí ojú ọgbẹ́ kẹ̀ tí àpá sì fa àfàsé, ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Mo bẹ yín, ẹ má gbé ọmọ lọ fún oníbelubelu nítorí ikọ́ tàbí ọ̀fun dídùn. Ẹ̀jẹ̀ ti dà láì dúró lára àwọn kan, tẹ́tánọ́ọ̀sì sì ti pa àwọn míràn.

Nínú àwọn àgbàlagbà, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń dín àfàsé kù nítorí híhanrun lè gé e kọjá ààlà. Tọ́ńsìlì yíyọ nìkan kì í sábà fà á.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ nílé pé atẹ́gùn ń sá gba imú?

Ẹ mú dígí kékeré, ẹ fi sí abẹ́ ihò imú ọmọ, kí ó sì máa wí pé "títí, títí, Bísí, Bísí, kẹ́kẹ́". Kò sí m, n tàbí fáwẹ̀lì àránmúpè kankan níbẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí èémí bo ojú dígí nígbà tó ń pè é lọ́wọ́. Ẹ tún jẹ́ kó sọ pé "Bàbá Bọ́lá bọ́ bàtà" lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú imú ṣíṣí, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú imú dídì. Bí ohùn méjèèjì bá yàtọ̀ síra gan-an, atẹ́gùn ń sá.

Ẹ wá fi "Màmá mi mu omi" dán an wò. Èyí yẹ kó yàtọ̀ tí ẹ bá di imú. Bí kò bá yàtọ̀ rárá, ìṣòro ọmọ náà lè jẹ́ òdì kejì: imú tó dí, bóyá àdénọ́ìdì tó tóbi. Ìtọ́jú méjèèjì kò jọra rárá, ẹni tó bá sì ṣì wọ́n mú lè yọ àdénọ́ìdì ọmọ tí àdénọ́ìdì náà ń bá ti ọ̀nà imú.

Ṣé kí a máa dúró ni?

Lẹ́yìn àdénọ́ìdì, ẹ dúró fún bíi oṣù mẹ́ta. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí ẹ sì ní kí speech therapist, ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ, náà wò ó. Ní ti ọmọ tó ti ṣe àjà ẹnu, ó gbọ́dọ̀ ti máa sọ gbólóhùn kí a tó lè ṣe ìdájọ́, nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún ló sábà máa ń gbà kí wọ́n fi kámẹ́rà wo imú òun. Bí omi tàbí ògì bá ń gba imú jáde, ẹ má dúró de ọjọ́ orí kankan.

Láàárín iṣẹ́ abẹ kan àti èkejì, àwọn oníṣẹ́ abẹ sábà máa ń fẹ́ kí oṣù 6 sí 12 kọjá kí àpá lè rọ̀.

Ìyá ọkọ mi ní kí a gé okùn abẹ́ ahọ́n ọmọ náà.

Okùn abẹ́ ahọ́n lè ṣòro fún ìkókó tó ń mu ọmú, ó sì lè má jẹ́ kí ahọ́n nà. Kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọ̀nà imú. Ẹ fi sùúrù ṣàlàyé fún Màmá, torí ìfẹ́ ọmọ ni wọ́n fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má gé e.

Wọ́n ní kó máa fẹ́ bàlúùnù, kó máa fọn fèrè. Ṣé ìyẹn lè tó láìṣe iṣẹ́ abẹ?

Rárá. Bí iṣan àfàsé ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń fẹ́ nǹkan yàtọ̀ sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni fèrè kò lè mú àfàsé tó kúrú gùn. Mo ti rí ìdílé tó fi ọdún púpọ̀ fọn fèrè, tí ọmọ sì rò pé òun ni kò gbìyànjú tó.

Àmọ́ oríṣi ìránmú kan wà tí speech therapist nìkan lè wò sàn, tí iṣẹ́ abẹ kò sì yẹ kó kàn án. Bí ọmọ bá ń pe b, d, k àti gb dáadáa, tó jẹ́ s àti ṣ nìkan ló ń gba imú, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì. Ọ̀nà tó gbà kọ́ ìró méjì yẹn ni kò tọ́. Ẹ̀kọ́ ni oògùn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá èrò dókítà míràn.

Àyẹ̀wò wo ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó tún abẹ mú?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró ṣinṣin, torí ohun tó ń mú kí iṣẹ́ abẹ kejì kùnà jù ni kí a ṣe é láì mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń jò gan-an.

Àkọ́kọ́ ni etí àti ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n. Speech therapist á gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ, á gbà á sílẹ̀, á sì ya ohun méjì sọ́tọ̀: ohùn tó ń gba imú nítorí ihò, àti àwọn ìró tí ọmọ fúnra rẹ̀ ti dá sílẹ̀ láti fi rọ́pò èyí tí kò lè pè. Ọmọ tí kò lè kó atẹ́gùn jọ sẹ́nu fún k tàbí t lè kọ́ bí a ti ń gé ohùn kúrú ní gògóńgò dípò rẹ̀. Ìwà yẹn kò ní kúrò nítorí pé a dí ihò.

Èkejì ni kámẹ́rà. Wọ́n á fi oògùn tó ń mú ara kú sínú imú, wọ́n á sì ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wọlé nígbà tí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀. Dókítà á wá rí i: ṣé àfàsé ló kúrú? Ṣé ó gùn, ṣùgbọ́n kò gbéra? Ṣé ògiri ẹ̀gbẹ́ ń rìn wá sí àárín, àbí wọ́n dúró gbagidi? Ṣé àlàfo náà rí róbótó, àbí ó wà ní apá kan? Àwọn ilé ìwòsàn kan tún máa ń lo X-ray tó ń rìn bíi fídíò láti wo ọ̀fun láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń wọn iye ohùn tó gba imú àti èyí tó gba ẹnu. Nọ́ńbà rẹ̀ wúlò, àmọ́ kì í fi ibi tí ihò wà hàn.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí wò pẹ̀lú. Omi máa ń dúró lẹ́yìn ìlù etí ọ̀pọ̀ ọmọ tí àjà ẹnu wọn là, ẹni tí kò sì gbọ́ dáadáa kò lè tún ìró ṣe.

Bí ọmọ bá tún ní àrùn ọkàn láti ìgbà ìbí, tàbí tó ń pẹ́ kọ́ nǹkan, ó yẹ kí a ronú nípa àìpé kan lára kúrómósómù 22 (ọ̀kan lára àwọn okùn tó ń gbé àbùdá ara) tó ń ṣẹlẹ̀ sí nǹkan bí ọmọ kan nínú 4,000. Nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ lè yà wá sí àárín, kó wà lẹ́yìn ògiri ọ̀fun gan-an níbi tí abẹ máa gbà. Dókítà lè rí i lójú kámẹ́rà pé ògiri náà ń lù. Ẹni tó bá mọ̀ ṣáájú á yí ọ̀nà padà. Ẹni tí kò mọ̀ lè ṣe ọmọ léṣe.

Irú iṣẹ́ abẹ àtúnṣe wo ló wà?

Irú àlàfo ló ń yan irú iṣẹ́ abẹ. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo tó ń ṣe fún gbogbo èèyàn, ẹ bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ihò kan ló ṣẹ́kù sí àjà ẹnu, wọ́n á dí i. Ihò tó kéré gan-an lè má ba ohùn jẹ́. Àwọn dókítà máa ń fi nǹkan dí i fún ìgbà díẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun ló ń fà á lóòótọ́.

Bí àfàsé bá gùn níwọ̀nba, ṣùgbọ́n tí iṣan inú rẹ̀ kò rékọjá láti apá kan sí èkejì bó ṣe yẹ, wọ́n lè tún àfàsé náà ṣí, kí wọ́n tú iṣan kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì tún un rán sẹ́yìn. Brian Sommerlad ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló mú ọ̀nà yìí gbajúmọ̀. Maikirosíkóópù ló fi ń ṣe é kó lè rí iṣan kedere láàárín àpá. Ọ̀nà míràn ni ti Leonard Furlow, ará Florida ní Amẹ́ríkà, tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1986: wọ́n á gé iwájú àti ẹ̀yìn àfàsé bíi lẹ́tà Z méjì tó kọjú síra, wọ́n á pààrọ̀ àyè àwọn awẹ́ náà, àfàsé á sì gùn sí i, iṣan á tún dé ibi tó yẹ. Tèmi ni pé ibi tí àlàfo bá kéré, àfàsé ló yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe, nítorí kì í dí ọ̀nà èémí lọ títí bí ti àwọn tó kù. Ìgbà míràn wọ́n á mú awẹ́ ẹran àti iṣan láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún un kó lè gùn.

Bí àlàfo bá tóbi láàárín, tí ògiri ẹ̀gbẹ́ sì ń rìn dáadáa, wọ́n á ṣí awẹ́ ẹran kan láti ògiri ẹ̀yìn ọ̀fun, wọ́n á sì rán ẹnu rẹ̀ mọ́ àfàsé. Flap ni wọ́n ń pè é. Á dà bí ọwọ̀n láàárín, ihò méjì á sì kù lọ́tùn-ún lósì fún mímí. Tí a bá ń sọ̀rọ̀, ògiri ẹ̀gbẹ́ á wá ti ihò méjèèjì. Ọ̀nà yìí ti pẹ́: Karl Schoenborn ní Jámánì ti ń ṣe é láti nǹkan bí 1875.

Bí ògiri ẹ̀gbẹ́ kò bá rìn, flap kò ní rí ẹni bá a ti ihò. Níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe èyí tí Wilfred Hynes ní Sheffield tẹ̀ jáde ní 1950, tí Miguel Orticochea ní Kòlóńbíà sì tún gbé yọ lọ́nà tirẹ̀ ní 1968. Awẹ́ ẹran méjì láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun ni wọ́n á yí sókè, wọ́n á sì rán wọn pọ̀ lẹ́yìn kí ẹnu ọ̀nà imú lè kéré.

Fún àlàfo tó kéré gan-an, wọ́n lè fa ọ̀rá láti ikùn ẹni náà, kí wọ́n gún un sí ẹ̀yìn ọ̀fun tàbí sínú àfàsé kó lè yọrí síwájú. Ara máa ń gba díẹ̀ nínú ọ̀rá náà padà, nítorí náà ó lè gbà kí wọ́n tún un gún.

Wọ́n ti ṣe flap fún un tẹ́lẹ̀, kò sì yàtọ̀. Kí ni wọ́n lè ṣe?

Ó níye ìdí tó lè fà á. Flap lè ti sún kì nítorí àpá, kó wá tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ó lè ti já níbi tí wọ́n rán an sí. Wọ́n lè ti gbé e sí ìsàlẹ̀ jù, tó jẹ́ pé ibi tí ọ̀fun ti ń gbìyànjú láti tì wà lókè rẹ̀. Ihò ẹ̀gbẹ́ kan lè tì, kí èkejì máa jò. Kámẹ́rà nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n lè gbòòrò sí i, gbé e sókè, tún un rán, tàbí kí wọ́n dín ihò tó ń jò nìkan kù. Iṣẹ́ yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ torí ẹran tó dá ṣáká ti kù díẹ̀, ẹni tó ń ṣe é déédéé ni kí ẹ wá.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé tiwọn ti dí jù: ohùn wọn dà bí ti ẹni tí ọ̀fìnkìn mú, ẹnu ni wọ́n fi ń mí, wọ́n sì ń hanrun. Wọ́n lè ṣí ihò ẹ̀gbẹ́ sí i. Nígbà míràn wọ́n á gé flap náà, ohùn àwọn kan sì máa ń dúró dáadáa síbẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ó lè dí èémí lójú oorun?

Òótọ́ ni, òun sì ni ewu tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí gbọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ń dín ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà kù. Híhanrun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan àjèjì, torí ibẹ̀ wú. Àmọ́ ọmọ tó ń dákẹ́ èémí fún ìgbà díẹ̀ lójú oorun, tó wá ń jí gìrì, tó ń làágùn, tó sì ń tòògbé lọ́sàn-án, nílò dókítà kíákíá.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń béèrè nípa oorun ọmọ ṣáájú. Bí tọ́ńsìlì bá tóbi, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ ṣáájú, kí wọ́n sì jẹ́ kí ibẹ̀ jinná kí wọ́n tó ṣe flap. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti jẹnotáìpù. Ẹ má fi í pamọ́ bí ọmọ bá jẹ́ SS. Ó ṣeé ṣe kí ó ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fún un ní oògùn oorun gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ fún un.

Báwo ni ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ṣe máa rí?

Oorun ni ọmọ máa sùn títí tí wọ́n á fi parí. Òru àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù: wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń ka atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ sí ìka rẹ̀, wọ́n á gbé orí rẹ̀ ga, wọ́n sì lè fi rọ́bà rírọ̀ sínú imú fún èémí. Ọ̀pọ̀ ń lo òru kan sí mẹ́ta nílé ìwòsàn.

Ọ̀fun á dùn ún, ọrùn á le, ẹnu á máa rùn fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ fún un ní ògì tútù, kọ́sítáàdì, ẹ̀wà tí a lọ̀ kúnná, ọbẹ̀ tí kò ní ata. Gúgúrú, ẹ̀pà, ìpékeré, ìrèké àti ẹja eléegun, ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kó má fi sítírọ́ọ̀ mu nǹkan, kó má fun imú, kó má ki ìka tàbí ṣíbí dé ẹ̀yìn ẹnu. Omi ni kó fi ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ má fún un ní aspirin.

Ẹ dá a padà síléèwòsàn láìjáfara bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu tàbí nímú, bí kò bá lè gbé omi mì, bí èémí bá ń ṣòro, tàbí bí ọrùn bá wọ́ sápá kan tí kò lè yí i, pàápàá bí ibà bá wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà wo ni ohùn máa yí padà?

Àwọn òbí kan ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wú. Nígbà tí wíwú náà bá lọ, ohùn lè padà díẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín pami. Bíi oṣù 3 sí 6 ni speech therapist á tó lè sọ ibi tó dúró sí. Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ṣì máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ ń tún ọ̀nà ṣe, kò lè kọ́ ọmọ bí a ti ń pe k tí kò pè rí láyé rẹ̀.

Kò sí oníṣẹ́ abẹ olóòótọ́ tó máa ṣèlérí ohùn tó pé pérépéré. Ohun tí ẹ lè béèrè ni pé kí àjèjì lè gbọ́ ọmọ yín lórí fóònù.

Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ṣé ó ti pẹ́ jù fún mi?

Kò pẹ́ jù. Ọ̀fun àgbà máa ń jinná, ihò sì ṣeé dí. Ohun tó le ni pé ìwà ẹnu tí ẹ ti mọ́ra láti kékeré kò ní fi yín sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ sì ní láti yẹ oorun yín wò dáadáa ṣáájú, ní pàtàkì bí ara yín bá tóbi tàbí tí ẹ ń hanrun.

Bí ara ò bá lè gba iṣẹ́ abẹ ńkọ́?

Dókítà eyín lè ṣe ohun kan tí a ń fi kọ́ eyín, tó ní ìrù tó dé ẹ̀yìn láti fi gbé àfàsé sókè tàbí láti fi dí àlàfo. Ó ń ti ọ̀nà gan-an. Ó ní láti máa jáde fún fífọ̀, wọ́n sì ní láti máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ọmọ bá ń dàgbà.

Níbo ni ká lọ, èló ni?

Ní Nàìjíríà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà àjà ẹnu lílà àti speech therapist pa pọ̀: UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ wà lára ibi tí ẹ lè kọ́kọ́ béèrè. Bó bá jẹ́ àjà ẹnu lílà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹ béèrè nípa Smile Train, àjọ tó ń san owó iṣẹ́ abẹ náà fún àwọn ilé ìwòsàn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ bi wọ́n ní tààràtà bóyá ó kan àtúnṣe àti ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ níbẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù la ń gbé, Yorùbá la sì ń sọ nílé. Ẹni tó ń yẹ ọmọ wò kò gbọ́ Yorùbá.

Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní fáwẹ̀lì tó yẹ kó gba imú: "rín" kò gbọ́dọ̀ dún bíi "rí". Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àìsàn ni. Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń ka pẹ̀lú yàtọ̀ láti èdè kan sí èkejì. Ẹ kọ gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún tí kò ní ìró imú kankan, bíi "Bísí gbé kẹ́kẹ́" àti "Táyé jẹ búrẹ́dì", àti méjì tó kún fún un, kí ẹ sì sọ bí ó ti yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dún. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè ògbufọ̀, àwọn ẹgbẹ́ àjà ẹnu lílà tó wà lábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Kí ni ká mú dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́?

Ìwé iṣẹ́ abẹ tó kọjá, èyí tó sọ ohun tí wọ́n ṣe gan-an. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbà á, ó sì lè gba ọmọ yín lọ́wọ́ abẹ tí kò yẹ. Ẹ fi fóònù gba ohùn ọmọ sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré, kì í ṣe ibi tí ẹ ti ń ní kó "sọ ọ́ dáadáa". Ẹ gba fídíò rẹ̀ lójú oorun fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí àyà rẹ̀ hàn, kí ìró èémí rẹ̀ sì ṣeé gbọ́. Ẹ mú èsì jẹnotáìpù àti àyẹ̀wò etí. Bí ọmọ bá ti tó ọdún márùn-ún, ẹ bi í ṣáájú ohun tó fẹ́ kó yí padà, kí ẹ sì jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún dókítà.